Dókítà Adrian Stokes àti Ibà Apọ́njú

  

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kan tí gbogbo abiyamọ mọ̀ ni mo gbé wá. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ a pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì a sì gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú. Ọmọ a ké, ìyá a rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọn a padà sílé. Bóyá ni a rí ẹni tí ń béèrè ibi tí oògùn inú abẹ́rẹ́ náà ti wá. Ìdáhùn rẹ̀ súnmọ́ wa ju bí ẹ ti rò lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Ghana ní 1957, ni wọ́n ti rí irúgbìn rẹ̀. Yaba ní Èkó ni wọ́n sì ti mọ irú ohun tí ó jẹ́. Ẹni tí ó ṣáájú iṣẹ́ ìwádìí náà ní Yaba ni Dókítà Adrian Stokes, iṣẹ́ yìí náà ni ó sì bá kú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àrùn náà. Bí ẹ̀fọn tí ó ní i lára bá jẹ ènìyàn, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà a kọjá kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Orí a máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn a máa dùn ún, èébì a máa gbé e. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ibà a rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì bọ́ níbẹ̀, wọn a padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú 100 aláìsàn, bí 15 ni àrùn náà ń padà wá bá, ìpadàwá yìí ni ó sì burú. Ojú a pọ́n, ara a pọ́n, ìtọ̀ a dúdú, ẹ̀jẹ̀ a máa ti imú àti èrìgì jáde, ohun tí aláìsàn ń bì a dúdú bí omi èédú. Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá dé ibi báyìí, bí ìdajì ni ó ń kú láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Títí di òní, kò sí oògùn kan pàtó tí ń pa àrùn náà lára ẹni tí ó bá ti mú. Omi, ìsinmi àti àbójútó àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ni gbogbo ohun tí ó wà.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n ni ibà apọ́njú mú. Ibà tí a mọ̀ lásán, bí ó bá wọra gan-an, lè sọ ojú di pípọ́n. Àrùn ẹ̀dọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn kan tún wà tí eku ń fi ránṣẹ́ sí ènìyàn, òun náà ń pọ́n ojú. Àwọn baba wa kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, a kò sì lè bá wọn wí, nítorí àwọn òyìnbó pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ìwé wọn, pẹ́ kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn Stokes ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ dókítà pín sí ọ̀nà púpọ̀. Òmíràn ń fún ni lóògùn, òmíràn ń ṣe iṣẹ́ abẹ, òmíràn ń gbẹ̀bí. Àwọn kan wà tí aláìsàn kì í sábà rí ojú wọn rárá. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ègé ẹran ara, àti òkú ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún àwọn dókítà yòókù ohun tí ó pa ẹni tí ó kú, kí ẹni tí ó ṣẹ́ kù lè yè. Dókítà awádìí àrùn ni n ó máa pè wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà ni Carl Rokitansky, ọmọ ilẹ̀ Czech tí a bí ní 1804, tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Vienna. Wọ́n ní òkú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò tó 30,000. Ó wà lára àwọn tí ó sọ yíyẹ òkú wò di ẹ̀kọ́ gidi, tí a ń fi ohun tí a rí lára òkú wé ohun tí aláìsàn sọ nígbà tí ó wà láàyè.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí wa. Bí a bá ti wẹ òkú tán tí a sì di í, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ìdílé tí oníṣègùn pọ̀ sí ní ìlú Dublin, ní Ireland, ni Adrian Stokes ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Lausanne ní Switzerland ni wọ́n bí i sí ní 1887. Trinity College ní Dublin ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí dókítà, wọ́n sì rán an lọ sí ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé àti Flanders. Dípò kí ó jókòó sí ibì kan kí ó máa retí ẹ̀jẹ̀ àti egbò tí wọn yóò gbé wá fún un yẹ̀ wò, ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, ó sì ń gùn ún kiri láti ibùdó kan dé èkejì. Òun náà ni ó ronú kan ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ihò imú rán afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí àwọn tí wọn kò lè mí dáadáa mọ́. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ńlá lónìí tí ẹ rí rọ́bà bẹ́ẹ̀ nímú aláìsàn, ẹ rántí ọkùnrin alùpùpù yìí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kàn wá jù ṣẹlẹ̀ ní 1916. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wà nínú kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ara wọn gbóná, ojú wọn pọ́n. Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí, wọ́n sì rí kòkòrò tí ó fà á: kòkòrò tín-ínrín, tí ó lọ́ bí àjàrà, tí a kò lè rí àfi nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Japan ti rí i ṣáájú wọn. Inú ìtọ̀ eku ni ó ń gbé, eku sì pọ̀ nínú kòtò ogun bí eèrà. Omi ẹlẹ́gbin tí àwọn ọmọ ogun dúró sí ni ó ń gbà wọ ara wọn. Àrùn Weil ni orúkọ rẹ̀. Báyìí ni Stokes ṣe fi ojú ara rẹ̀ rí kòkòrò ojú pípọ́n kan, tí ó sì mọ̀ ọ́n dunjú.

Lẹ́yìn ogun, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dublin ní 1919. Ní 1922, wọ́n mú un lọ sí Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ìwádìí àrùn. Ipò ńlá ni. Ẹlòmíràn ìbá jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Nígbà yẹn, àríyànjiyàn ńlá wà lórí ibà apọ́njú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ti yanjú. Dókítà Carlos Finlay ti sọ ọ́ ní Cuba ní 1881 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà kiri, àwọn ènìyàn sì fi í ṣe ẹlẹ́yà fún nǹkan bí ogún ọdún, títí Walter Reed àti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1900. Ohun tí ẹ̀fọn náà ń gbé ni wọn kò mọ̀. Ọ̀mọ̀wé Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, kéde ní 1919 pé òun ti rí kòkòrò náà ní ìlú Guayaquil, ní Ecuador. Noguchi kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí; òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Wọ́n tilẹ̀ ṣe oògùn àjẹsára láti ara kòkòrò tí ó rí. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà jọ ti àrùn Weil púpọ̀, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì. Àbí àrùn eku ni Noguchi rí tí ó rò pé ibà apọ́njú ni?

Ta ni ó yẹ kí ó lọ wò ó bí kò ṣe ẹni tí ó mọ kòkòrò Weil lójú?

Àjọ Rockefeller ti kọ́kọ́ rán àwọn dókítà wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa ní 1920, Stokes sì wà lára wọn. Èkó kò ṣàjèjì sí i. Ní 1925, àjọ náà dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yaba, pẹ̀lú ẹ̀ka kan ní Accra. Dókítà Henry Beeuwkes ni olórí rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà apọ́njú mú, tí wọ́n ń wá kòkòrò Noguchi nínú rẹ̀. Wọn kò rí i. Ìṣòro wọn ni pé bí o bá wá nǹkan tí o kò rí i, ẹni tí ó ní ó wà níbẹ̀ lè sọ pé o kò mọ̀ ọ́n wá ni. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹranko kan tí àrùn náà lè mú bí ó ṣe ń mú ènìyàn, kí wọ́n lè dán nǹkan wò lára rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú lára àwọn ẹranko kéékèèké, kò mú wọn. Wọ́n gbìyànjú lára ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà, kò pa wọ́n. A ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: àwọn ọ̀bọ igbó wa àti àrùn yìí ti jọ gbé pọ̀ láti ayébáyé, ara wọn ti mọ̀ ọ́n, ó ń gba ara wọn kọjá láìṣe wọ́n ní nǹkan púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kó irú ọ̀bọ mìíràn wá, ọ̀bọ ilẹ̀ India tí a ń pè ní rhesus, tí baba ńlá rẹ̀ kò pàdé àrùn náà rí. Ní 1927 náà ni Stokes fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láti wá darapọ̀ mọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1927, ní Kpeve, ìletò kan ní agbègbè Volta, Dókítà Mahaffy gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan tí ibà ń ṣe. Asibi ni orúkọ ọkùnrin náà. Àìsàn tirẹ̀ kò le. Ara rẹ̀ yá láìpẹ́. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ sí ara ọ̀bọ India kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọ̀bọ náà ṣàìsàn, ó sì kú, nígbà tí wọ́n sì yẹ òkú rẹ̀ wò, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ bí ẹ̀dọ̀ ènìyàn tí ibà apọ́njú pa ṣe ń bàjẹ́. Ẹ wo nǹkan ìyanu: ohun tí ó kàn gba ara Asibi kọjá bí ibà lásán ni ó pa ọ̀bọ lójú kan náà.

Ọ̀nà là. Stokes, pẹ̀lú Dókítà Bauer àti Dókítà Hudson, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yaba tọ̀sán tòru. Wọ́n gbé àrùn náà láti ara ọ̀bọ kan sí òmíràn nípa gígún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tí ó ń ṣàìsàn, wọ́n dúró fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn kan náà jẹ ọ̀bọ tí ara rẹ̀ le. Ọ̀bọ náà ṣàìsàn. Wọ́n rí i pé ẹ̀fọn tí àrùn náà bá ti wọ̀ lára kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí yóò fi kú. Wọ́n gba omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà apọ́njú ti ṣe rí, wọ́n fi díẹ̀ sí ara ọ̀bọ, àrùn náà kò sì rí ọ̀bọ náà gbé ṣe. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ tí Stokes wò nínú awò rẹ̀, kò sí kòkòrò Noguchi.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ti asẹ́. Ẹ ti rí ìyá ológì nídìí iṣẹ́. Ó da àgbàdo lílọ̀ sórí aṣọ, ó fi omi sí i, ó ń fi ọwọ́ rò ó. Eèrí dúró sórí aṣọ, ògì gba inú aṣọ kọjá. Àwọn dókítà ní asẹ́ kan tí wọ́n fi irú amọ̀ kan ṣe, tí ojú ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò àrùn tí a mọ̀ nígbà náà kò lè gbà á kọjá. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ aláìsàn sínú rẹ̀. Ohun tí ó kán sísàlẹ̀ mọ́ kedere. Nínú awò, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Wọ́n gún un sí ara ọ̀bọ mìíràn, ọ̀bọ náà sì kú ikú ibà apọ́njú. Ohun tí ó ń fa àrùn náà kéré ju kòkòrò lọ. Fáírọ́ọ̀sì ni. Àríyànjiyàn tí ó ti gba ọdún mẹ́jọ yanjú ní Yaba láàárín oṣù díẹ̀.

Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1928, orúkọ Stokes ni ó sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n Stokes kò rí i kà.

Ní àárín oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò sí ìdí fún un láti tan ara rẹ̀ jẹ. Ta ni ó mọ àmì àrùn náà jù ú lọ? Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun kí wọ́n gún un sí ara ọ̀bọ. Ó ní kí wọ́n kó ẹ̀fọn wá kí ó jẹ òun, kí wọ́n wá mọ̀ bóyá yóò gbé àrùn náà láti ara òun lọ sí ara ọ̀bọ. Ó tún ní bí òun bá kú, kí wọ́n yẹ òkú òun wò bí wọ́n ti ń yẹ ti àwọn yòókù wò. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ọmọ ogójì ọdún. Àwọn ọ̀bọ tí ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàìsàn, èyí tí àwọn ẹ̀fọn náà jẹ ṣàìsàn pẹ̀lú. Báyìí ni ara rẹ̀ ṣe di ẹ̀rí pé ohun tí wọ́n ń gbé láti ọ̀bọ dé ọ̀bọ nínú yàrá ìwádìí náà gan-an ni ibà apọ́njú tí ń pa ènìyàn.

Àwọn kan wí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgboyà ọkùnrin yìí nìkan ni mo ń rò. Mo ń ronú nípa Bauer àti Hudson, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí iṣẹ́ wọn wá di láti la òkú ọ̀rẹ́ wọn wò. Mo ti sọ níṣàájú pé ó nira fún wa láti jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan òkú ẹni wa. Ó nira fún àwọn náà.

Báwo ni àrùn náà ṣe mú un? Ó dà bí ẹni pé ẹ̀fọn kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ọ̀bọ. Bauer àti Hudson dán an wò lára ọ̀bọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí ẹ̀jẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú rẹ̀ bá kan awọ ara lásán, tí kò tilẹ̀ sí egbò níbẹ̀, ó lè wọlé.

Ikú kò dúró síbẹ̀. Noguchi gbọ́ ìròyìn Yaba. Ó gbéra láti New York, ó dé Accra ní oṣù kọkànlá ọdún 1927 láti wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ibà apọ́njú pa á ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1928. Dókítà William Young, tí ó jẹ́ olórí ilé ìwádìí tí Noguchi ti ṣiṣẹ́ ní Accra, kú ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà. Ní 1930, ó pa Theodore Hayne, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà, ní Èkó. Àwọn ará Ghana àti Japan kò gbàgbé Noguchi. Ilé ìwádìí ńlá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Legon láti 1979. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wá wádìí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, tí ó sì kú síbẹ̀, kì í ṣe ẹni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ṣàṣìṣe.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi kò kú ní tirẹ̀. Láti ara ọ̀bọ dé ara ọ̀bọ ni wọ́n ń gbé e, títí ó fi dé ọwọ́ Max Theiler ní New York. Ọmọ Pretoria ní South Africa ni Theiler. Ibà apọ́njú ti mú òun náà rí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ní 1929, ṣùgbọ́n ó yè é. Ó mú fáírọ́ọ̀sì Asibi, ó ń gbìn ín sínú ẹran ara ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin, láti ìgbà dé ìgbà, ó lé ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ní ìkẹyìn, fáírọ́ọ̀sì náà rọ̀. Ó gbàgbé bí a ṣe ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ara ènìyàn ṣì dá a mọ̀, ó sì ń gbára dì nítorí rẹ̀. Ní 1937 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára náà jáde, 17D ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ó ti ju 500 mílíọ̀nù abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti gún ní gbogbo ayé. Gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan èyí tí wọ́n gún ọmọ yín, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin Kpeve ni ó ti ṣẹ̀ wá. Èmi kò gbà kí á máa ka orúkọ àwọn dókítà kí á má ka ti Asibi mọ́ wọn. Nínú àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe irú fáírọ́ọ̀sì náà.

Yaba náà ṣe abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú fún Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ilé iṣẹ́ náà fi dáwọ́ dúró ní 1991.

Ẹ má ṣe rò pé ìtàn àtijọ́ ni. Ní 1987, ibà apọ́njú jà ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín ìlú, ẹ̀fọn inú ilé ni ó sì gbé e kiri. Ní 2004 ni ìjọba Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ náà kún àwọn tí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ń gbà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Ifẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ìtòsí wa gan-an. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ fún bí 874,000 ènìyàn ní Kwara àti ní Kogí tiwa. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ń béèrè ìdí tí wọn yóò fi gún àwọn ní abẹ́rẹ́ ọmọdé. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti dàgbà kí 2004 tó dé lè má rí i gbà rí, ẹ̀fọn kì í sì í bi ni ní ọjọ́ orí.

Ẹ̀fọn tí ń gbé e láàárín ìlú dúdú, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn jù, pàápàá ní òwúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí náà àpò ẹ̀fọn tí a ń sùn sínú rẹ̀ lóru kò tó fún un. Kò fẹ́ràn ẹrẹ̀ àti gọ́tà. Omi mímọ́ ni ó ń wá: omi àmù, omi òjò inú agbada, omi inú agolo àti táyà àtijọ́ tí a sọ sẹ́yìn ilé. Ẹ bẹjú wo inú àmù yín. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń yí po nínú omi bí ẹni ń jó, tánwíjí tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré, òun ni yóò di ẹ̀fọn láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Dída omi nù nìkan kò tó, nítorí ara ìkòkò ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, ẹyin náà sì lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kí ó tún pa nígbà tí omi bá kàn án. Ẹ fi kànhìnkànhìn fọ inú àmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi ọmọrí dé e.

Ní ti abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni tí ara rẹ̀ le ń gbà á láyé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni àwọn arìnrìn-àjò ń tún un gbà, ṣùgbọ́n láti 2016 wọ́n ti gbà káàkiri ayé pé ẹyọ kan tó títí ayé. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ káàdì pupa rẹ́súrẹ́sú náà nù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ gbà á. Aboyún, ẹni tí ẹyin adìyẹ ń bá jà, àti ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ agbára ara rẹ̀ di aláìlera gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ wọ́n.